Òru méjì níwájú, òru kan lẹ́yìn: àgbéyẹ̀wò ètò ọdẹ àti ẹja pípa tí a gbà láti ìlú Anchorage ní ìpínlẹ̀ Alaska

Ọkùnrin tó ń wọn ẹrù wa létí adágún Lake Hood ní Anchorage wo àpótí ìbọn mi, ó sì mi orí. Ó ní kò sí bí àpótí líle yẹn ṣe máa wọ bàálù òun. Bàálù kékeré tó ń balẹ̀ sórí omi ni, àpò rírọ̀ tó ṣeé tẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fẹ́ nínú rẹ̀, kílò kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń kà. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọkọ̀ òfuurufú ńlá tó gbé wa dé Anchorage kò gba ìbọn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi tó bá wà nínú àpótí líle tí a tì pa, tí ọta ò sí nínú rẹ̀, tí a sì ti sọ fún wọn ní kántà pé ìbọn ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ni. Àpótí tó pọn dandan lánàá ti di ẹrù tí kò níbi tí yóò gbà lónìí. Òtẹ́ẹ̀lì tí a sùn sí ló gbà wá: wọ́n bá wa tì í mọ́ yàrá ẹrù wọn títí a fi ti inú igbó dé.

Ibẹ̀ ló ti yé mi pé inú ìlú ni ìrìn àjò ọdẹ Alaska ti ń dára, ibẹ̀ náà ló sì ti ń bàjẹ́.

A jẹ́ mẹ́ta: èmi, ẹ̀gbọ́n mi, àti ọ̀rẹ́ wa kan. Ètò tí a sanwó fún ni òru 2 ní òtẹ́ẹ̀lì ní Anchorage kí a tó wọgbó, ọjọ́ 7 létí adágún kan tí ọ̀nà mọ́tò ò dé, àti òru 1 ní Anchorage lẹ́yìn rẹ̀, kí oníkálukú tó gbalé lọ. Wọ́n á gbé wa lọ, wọ́n á gbé wa bọ̀, wọ́n á gbé ẹran tí a bá pa. Ọdẹ ṣíṣe fúnra rẹ̀ kù sí wa lọ́wọ́. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù September la lọ. N kò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, torí púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọn dára. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdájọ́ mi ní kíákíá, òun rèé: igbó náà dára gan-an, òru 2 ìṣáájú tó wa lò, òru 1 ìkẹyìn yẹn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan owó yín. Moose ni a lọ pa, ẹran kan tó dà bí àgbọ̀nrín ṣùgbọ́n tó ga ju ẹṣin lọ. Ọmọ onílùú Amẹ́ríkà tí kì í gbé Alaska lè dọdẹ moose láì ní ọdẹ atọ́nà. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún béárì aláwọ̀ ilẹ̀, àgùntàn orí òkè tí wọ́n ń pè ní Dall, àti ewúrẹ́ orí òkè: ó di dandan kí ẹ ní atọ́nà tó ní ìwé àṣẹ, tàbí ìbátan tó sún mọ́ yín tó ń gbé Alaska. Àjèjì tí kì í gbé Amẹ́ríkà ńkọ́? Gbogbo ẹran ńlá pátá ló gbọ́dọ̀ ní atọ́nà fún. Ẹni tó bá fẹ́ pe àbúrò rẹ̀ wá láti òkè òkun, kí ó má gba irú ètò tí àwa gbà yìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìlú. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a ṣe níbẹ̀ ni ọjà rírà, kì í sì í ṣe fàájì. Agolo gáàsì tí a fi ń dáná nínú àgọ́ kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú èrò, ì báà jẹ́ nínú àpò ọwọ́ tàbí nínú ẹrù abẹ́ ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni agolo ata tí wọ́n ń fín sí béárì lójú. Kò sì sí ọlọ́gbọ́n tí yóò sùn sínú igbó Alaska láìní èyí èkejì. Anchorage lèèyàn ti gbọ́dọ̀ rà wọ́n, kí ó sì sọ fún awakọ̀ bàálù kékeré pé wọ́n wà nínú ẹrù, kí òun mọ ibi tí yóò kó wọn sí. A bá arìnrìn-àjò kan pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì tó ti pápákọ̀ dé láàárọ̀ tó sì fẹ́ fò wọgbó lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Ìsọ̀ sí ìsọ̀ ló ń sáré kiri, òógùn ń bọ́. Tiwa rọrùn, torí a ní odidi ọjọ́ kan ààbọ̀.

Ìwé àṣẹ ọdẹ fún ẹni tí kì í gbé Alaska jẹ́ dọ́là 160, táàgì moose jẹ́ dọ́là 800 lórí rẹ̀. Irin ni táàgì yìí, ẹ ó tì í mọ́ ẹran lára tí ẹ bá pa á. Ti ẹja pípa tún dá wà lọ́tọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká ti parí gbogbo èyí kí a tó kúrò ní ìlú, wọ́n sì tọ̀nà, torí kò sí ẹni tí yóò ta táàgì fún yín létí adágún.

Ohun tí mo gbádùn jù nínú òru 2 yẹn ni pé mo rí moose láàyè kí n tó gbé ìbọn sí èjìká. Ọ̀nà ìrìn ẹsẹ̀ kan wà tó tẹ̀ lé etíkun, Tony Knowles Coastal Trail, máìlì 11 ni láti àárín ìlú dé ọgbà Kincaid Park. Moose pọ̀ ní agbègbè yẹn bí ẹni pé àwọn ló ni ín. Akọ kan dúró lẹ́bàá igi, ó ń jẹ ewé, kò tilẹ̀ wo ojú wa. A jìnnà sí i, torí ẹran yìí ń bínú, ó sì lè tẹ èèyàn pa. Ṣùgbọ́n a tẹjú mọ́ ìwo rẹ̀ dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ agbègbè ọdẹ Alaska, ẹni tí kì í gbé ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ pa akọ moose àfi tí ìbú ìwo rẹ̀ bá tó ínǹṣì 50, tàbí tí ẹ̀ka ìwo tó wà níwájú orí bá pé iye tí òfin sọ lápá kan. Ẹni tó bá pa èyí tí kò tó ti rúfin. Wíwo àwòrán nínú ìwé kò tó ìwọ̀n ìṣẹ́jú 20 tí a fi wo ẹran tó ń mí, tó ń yí orí, tí ìwo rẹ̀ ń tóbi lójú wa tó tún ń kéré.

Ọjọ́ kejì la lọ sí Ship Creek. Odò kékeré yìí gba àárín ìlú kọjá nítòsí ibùdó rélùwéè, ẹja sámọ́nì sì ń wọ inú rẹ̀ láti òkun: ọba sámọ́nì ní oṣù June, èyí tí wọ́n ń pè ní silver ní August títí wọ September. Mo ti pa ẹja ní oríṣiríṣi ibi, n kò rí ibi tí èèyàn ti ń ju ìwọ̀ tí ilé alájà púpọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ rí. Ibẹ̀ la ti dán ọ̀pá ìpẹja wa wò, ibẹ̀ la sì ti mọ̀ pé okùn ìwọ̀ ọ̀rẹ́ wa ti gbó. Ó já lẹ́ẹ̀mejì lọ́wọ́ ẹja. Ó ra tuntun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ká ní inú igbó ló já, ó ti parí nìyẹn.

Mo fẹ́ fi tọkàntọkàn kìlọ̀ nípa ibẹ̀. Omi òkun tó ń wọ Cook Inlet, apá òkun tí Ship Creek ń ṣàn sí, ń lọ sókè sódò tó nǹkan bíi mítà 9, ẹrẹ̀ tó sì ń fi sílẹ̀ tí ó bá fà dà bí ilẹ̀ líle lójú. Ó máa ń di èèyàn lẹ́sẹ̀ mú, omi á sì máa kún bọ̀. Ẹ má kọjá ibi tí àwọn tó mọ ibẹ̀ dúró sí. Wákàtí omi kíkún ni ẹja ń wọlé, nítorí náà, ẹ wo àkókò rẹ̀ kí ẹ tó jáde ní òtẹ́ẹ̀lì. Òkè odò náà ni ilé tí ìjọba ti ń sin ẹja wà, èèyàn sì lè wọlé lọ wò ó.

Ẹ̀sùn mi kìíní sí ilé-iṣẹ́ náà ni “ọjọ́ 7 ọdẹ” tí wọ́n kọ sínú ètò. Òfin Alaska sọ pé ẹni tó bá fi irú bàálù kékeré bẹ́ẹ̀ wọgbó kò gbọ́dọ̀ pa moose títí aago 3 òru ọjọ́ kejì. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí wọn ò fẹ́ kí èèyàn máa fi bàálù wá ẹran láti òkè, kí ó balẹ̀, kí ó yìnbọn. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé ọjọ́ tí a dé kì í ṣe ọjọ́ ọdẹ, ọjọ́ tí a ń dì ẹrù kì í ṣe ọjọ́ ọdẹ. Márùn-ún péré la ní. Ó yẹ kí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà.

Nípa igbó, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Àgọ́ wọn gbẹ, ààrò wọn mú iná, awakọ̀ wọn mọ iṣẹ́, ó sì fò wá wò wá láàárín ọ̀sẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Ọjọ́ kẹrin ni ẹ̀gbọ́n mi pa akọ kan tí ìwo rẹ̀ kọjá ínǹṣì 50. Àárọ̀ ni wọ́n yìnbọn, ilẹ̀ ṣú kí a tó gbé ẹrù ìkẹyìn dé etí omi. Òfin ò gbà kí èèyàn fi ẹran tó ṣeé jẹ sílẹ̀ nínú igbó, títí kan ẹran egungun ìhà àti ti ọrùn, ìwo sì gbọ́dọ̀ kẹ́yìn ẹran ní kíkúrò. Ẹran moose kan lè kọjá kílò 200. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, tó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Èjìká mi ló túmọ̀ òwe yẹn fún mi lọ́jọ́ náà.

Òwúrọ̀ tó yẹ kí wọ́n wá gbé wa, kùrukùru bo adágún débi pé a ò rí òdìkejì. Bàálù ò wá. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Inú ò bí mi sí awakọ̀ rárá. Ẹni tó bá fò nínú irú ojú ọjọ́ yẹn ń fi ẹ̀mí èèyàn ṣeré. Ọ̀sán ọjọ́ kẹta la gúnlẹ̀ sí Lake Hood. Ọkọ̀ òfuurufú tó yẹ kó gbé wa lọ sílé ti lọ láti àná, òtẹ́ẹ̀lì tí ilé-iṣẹ́ náà san ti kọjá, yàrá wa ti di ti ẹlòmíràn.

Kò tán síbẹ̀. Ilé tí wọ́n ti ń gé ẹran, tí wọ́n ń dì í, tí wọ́n sì ń sọ ọ́ di yìnyín, ní àwọn nílò ó kéré tán ọjọ́ 3, torí ọdẹ púpọ̀ ló ti igbó dé lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí kùrukùru ká. Ẹ rò ó wò. Ká ní kò tilẹ̀ sí kùrukùru, ká ní gbogbo nǹkan lọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ètò, báwo ni òru 1 ṣe máa tó fún ẹran tó nílò ọjọ́ 3? Ibí yìí ni ìbínú mi wà. Ojú ọjọ́ kì í ṣe ẹ̀bi wọn, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń gbé ẹran jáde nínú igbó, wọ́n mọ iye ọjọ́ tí gígé rẹ̀ ń gbà. Ìdáhùn wọn ni pé oníbàárà ló máa ń fẹ́ kí ètò kúrú. Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà.

Òtẹ́ẹ̀lì tuntun tí a rí ní fíríísà fún àwọn àlejò tó bá pa ẹja, ó sì wọ́pọ̀ ní Anchorage. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó yàrá. Sámọ́nì tí a pa nínú ìrìn àjò náà wọ ibẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó le gbagidi ní ọjọ́ kejì, a kó o sínú páálí tí kò kọjá kílò 23, ìwọ̀n tí ọkọ̀ òfuurufú gbà fún ẹrù kan. Ní ti moose, a pín in. Díẹ̀ bá wa lọ, púpọ̀ lọ nípasẹ̀ ọkọ̀ ẹrù òfuurufú, a sì fún ìdílé kan tó ń gbé ìlú náà ní itan kan. Ẹ̀gbọ́n mi buwọ́ lu fọ́ọ̀mù tí òfin ní kí wọ́n kọ bí ẹran bá fẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó pa á bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ojú ìyá ilé náà nígbà tó gba itan yẹn mú kí n gbàgbé èjìká mi.

Ọjọ́ 3 tí a fi dúró de ẹran, a ò kàn jókòó sínú yàrá. A wo ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bàálù tó wà létí Lake Hood, a jókòó sí etí omi níbẹ̀ wo bàálù tí ń gbéra tí ń balẹ̀, torí kò sí pápá bàálù olómi tó ń rí ìrìn tó tibẹ̀ láyé. Ọjọ́ kan a wakọ̀ gba etí apá òkun tí wọ́n ń pè ní Turnagain Arm lọ sí ìlú Whittier, níbi tí mọ́tò àti rélùwéè ti jọ ń lo ihò kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́ gba inú òkè, máìlì 2 ààbọ̀, a sì dúró de àsìkò tiwa kí a tó wọ̀ ọ́. Ìyẹn dùn mọ́ ọ̀rẹ́ wa ju ọdẹ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ padà lọ. A ti bá ilé-iṣẹ́ náà sọ̀rọ̀, torí awakọ̀ yẹn la fọkàn tán, ṣùgbọ́n a yọ òtẹ́ẹ̀lì kúrò nínú owó tí a máa san fún wọn. Àwa fúnra wa la máa gba yàrá: òru 2 níwájú, òru 4 lẹ́yìn, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ìpadàbọ̀ tó ṣeé sún síwájú. Mo ti pe òtẹ́ẹ̀lì náà, mo sì béèrè bí fíríísà wọn ṣe tóbi tó.