Land Rover 110 tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba àti iná mànàmáná nÍlùú Ọba: kí ẹ tó rà á l'Abẹ́òkúta

Bí iṣẹ́ bá ń gbé yín gba ọ̀nà Ayétòrò tàbí wọ inú oko Ọ̀dẹ̀dá lásìkò òjò, Land Rover 110 àtijọ́, tàbí 130 tó gùn jù ú lọ, ṣì yẹ lọ́kọ̀ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ti ṣe kó tó débí ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí, kì í ṣe máìlì tó wà lójú mítà.

Ọkọ̀ tí wọ́n gbé àkàbà ẹ̀rọ sí lẹ́yìn láti fi tún wáyà orí òpó ṣe máa ń dúró sójú kan fún wákàtí púpọ̀, ẹ́ńjìnì rẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ kí páǹpù lè gbé àkàbà sókè. Táyà kò yí, mítà kò kà. Ìdí nìyẹn tí èyí tó rin 60,000 máìlì fi lè ní ẹ́ńjìnì tó ti gbó ju ti ọkọ̀ tó rin 150,000 lọ. Ẹ ní kí wọ́n má tíì tan ẹ́ńjìnì rẹ̀ kí ẹ tó dé; ẹ́ńjìnì tútù ni kì í purọ́. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Bí èéfín bá ń tú jáde kíkankíkan, ríìngì ti jẹ nìyẹn.

Alumíníọ̀mù ni bọ́dì rẹ̀, kì í dógùn-ún bí irin, èyí ló sì ń tan oníbàárà jẹ. Irin ni ṣáàsì, egungun tó gbé ọkọ̀ dúró, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù lọ́hùn-ún sì ti jẹ ẹ́ láti inú wá. Ẹ fi òòlù kékeré kan irin ìdábùú ẹ̀yìn, àwọn apá irin tó gbé bọ́dì dúró, àti ibi tí awakọ̀ ń gbẹ́sẹ̀ lé. Ibi tó bá dún bí agolo ti tán. Ti alákàbà, ẹ tún wo ẹ̀yìn orí ọkọ̀ gan-an, níbi tí wọ́n ti de ìdí àkàbà mọ́ ṣáàsì: ibẹ̀ ló ti ń sán. Bí wẹ́dà bá ti lẹ irin tuntun lé ìpẹtà lórí, ẹ má ra ọkọ̀ náà.

Nọ́ńbà ṣáàsì wà lára irin apá ọ̀tún níwájú. Fún àwọn tó ní ẹ́ńjìnì Tdi (dísẹ́ẹ̀lì alátúbò), lẹ́tà kẹfà á jẹ́ H bó bá jẹ́ 110, K bó bá jẹ́ 130. Ẹ wo ipò kẹsàn-án dáadáa: 7 ni ti sìtíárìn ọ̀tún, 8 ni ti òsì. Apá ọ̀tún títì la ti ń wakọ̀ ní Nàìjíríà láti 2 Oṣù Kẹrin 1972, nítorí náà bí ẹ bá rí 7, tí sìtíárìn sì wà lósì, wọ́n ti yí i padà. Ẹni tó bá fi wẹ́dìn so ọ̀pá sìtíárìn pọ̀ ti fi ẹ̀mí ṣeré. Aṣọ́bodè kò sì gba àlòkù tó ti lé ní ọdún 12 wọlé mọ́. Èyí tó ti wà nílẹ̀ yìí, tí ìwé rẹ̀ pé, nìkan ni kí ẹ rà.

Èyí tó ní ẹ́ńjìnì 300Tdi, tó jáde ní 1994, la fẹ́ràn jù. Ẹ pààrọ̀ táímìnì bẹ́líìtì rẹ̀ ní 60,000 kìlómítà nítorí eruku wa. Lára àwọn àkọ́kọ́, púlì rẹ̀ kì í tò dáadáa, á sì máa gé etí bẹ́líìtì. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí mẹkáníìkì da ọ́ìlì 90, ọ́ìlì gíà tó nípọn, sínú gíà bọ́ọ̀sì ńlá. ATF, ọ́ìlì gíà ọ̀tọ́mátíìkì, ló ń lò, nǹkan bíi lítà 2.7 fún R380, orúkọ gíà bọ́ọ̀sì ńlá náà. Gíà bọ́ọ̀sì kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń lo 90, lítà 2.3. Bó bá ń dún gbà nígbà tí ẹ bá tẹ iná tí ẹ sì tú u sílẹ̀, eyín ibi tí gíà méjèèjì ti so pọ̀ lè ti jẹ.

Ti ọlọ́pàá tàbí áńbúláǹsì, wáyà ni wàhálà rẹ̀: wọ́n á yọ rédíò àti iná orí rẹ̀, wọ́n á fi orí wáyà sílẹ̀ lásán. Ẹ jẹ́ kí rewáyà tọpa gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó so bátìrì kejì mọ́ ọn.

Àkàbà tó ń gbé ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ìwé àyẹ̀wò olóṣù mẹ́fà lábẹ́ òfin Ìlú Ọba ti ọdún 1998. Bí kò bá sí ìwé yẹn, ẹ tú àkàbà kúrò, kí ẹ fi ọkọ̀ náà máa kó ẹrù.