Géèjì Bọ́ílà Tí Mo Rà Láti Ìlú Ọba: Oṣù Mẹ́jọ Rèé Tó Ti Wà Lọ́wọ́ Mi

Rélùwéè ò dé Àkúrẹ́. Láti Èkó, ó gba Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin. Ṣùgbọ́n gbànja ni màmá mi ń tà, ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n sì fi ń kó o láti ibí lọ bá ọkọ̀ ojú irin l'Óṣogbo. Mo tẹ̀ lé wọn lọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méje, dẹrẹ́bà sì gbé mi sókè kí n wo inú ẹ́ńjìnnì. Iná èédú ń jó bùlàbùlà, àmọ́ ohun tí ojú mi ń wò ni idẹ róbótó kan tí abẹ́rẹ́ ń gbọ̀n nínú rẹ̀: géèjì tó ń fi bí agbára oru inú bọ́ílà ṣe tó hàn. Àtìgbà yẹn ni mo ti ń wá irú ẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Budenberg ló ṣe èyí tí mo rà, wọ́n kọ Manchester sí i lójú. Ara rẹ̀ jẹ́ idẹ, ojú rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 6, nọ́ńbà rẹ̀ lọ láti 0 dé 200, ìlà pupa sì wà níbi 160. Ibẹ̀ ni fáyámàn, ẹni tó ń da èédú sínú iná, kò gbọdọ̀ jẹ́ kí abẹ́rẹ́ kọjá. ₦85,000 ni mo san lórí íntánẹ́ẹ̀tì, owó ìfiránṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Ẹni tó tà á ní ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Irọ́ ni. Ìwé ìròyìn kan ṣoṣo ló fi wé e, gíláàsì ti fọ́ kó tó dé. Abẹ́rẹ́ dúró gbagidi sí 25 nígbà tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀. Mo kọ̀wé sí i lẹ́ẹ̀mẹta, kò fèsì. Ó dùn mí wọra.

Bàbá kan tó ń tún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe lágbègbè Arákàlẹ̀ ló gbà mí. Wọ́n tú u, wọ́n ní kí n wá wò ó. Páìpù pẹlẹbẹ kan ló wà nínú rẹ̀, ó tẹ̀ bíi dòjé. Eugène Bourdon, ará Faransé, ló gba ìwé-àṣẹ lórí iṣẹ́ yìí ní 1849. Bí agbára oru tàbí ti afẹ́fẹ́ bá wọ páìpù náà, á fẹ́ nà, eyín jíà kékeré á wá yí abẹ́rẹ́. Bàbá fi pọ́ǹpù ti afẹ́fẹ́ sí i, mo sì rí ẹnu páìpù náà tó sún, kò ju ìnípọn èékánná lọ. Ìyẹn nìkan ló gbé abẹ́rẹ́ lọ tó bẹ́ẹ̀!

Ẹ̀rù ti ń bà mí pé páìpù ti nà kọjá ààlà, torí èyí tó bá nà bẹ́ẹ̀ kì í padà sípò mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sípíríǹgì tín-ín-rín bí irun, irú ti aago ọwọ́, ló lọ́ mọ́ra, ẹni tó sì ti tú u rí kò dá abẹ́rẹ́ padà sí ààyè rẹ̀. ₦12,000 ni Bàbá gbà, pẹ̀lú gíláàsì tuntun. Abẹ́rẹ́ ń padà sí 0 báyìí. A gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ géèjì fọ́kánáísà: ní 40, wọ́n jọ ṣe déédéé, ní 60, tèmi ń kà 62.

Mo ti mú Brasso tí wọ́n fi ń dán idẹ lọ́wọ́, Bàbá gbà á lọ́wọ́ mi. Fàdákà fẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi pa ojú géèjì náà, Brasso á bó o dànù. Etí géèjì nìkan ni mo fi Brasso pa.

Ẹ máa ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí nǹkan lára kí ẹ tó sanwó. Lọ́dún tó kọjá, ẹnìkan ta àtùpà rélùwéè fún mi, ó ní wọ́n ti ń lò ó ṣáájú 1940. N.R.C. ló wà lára rẹ̀. Mo ti sanwó tán kí n tó rántí pé 1955 ni Nigerian Railway Corporation bẹ̀rẹ̀. Kí ni C ń wá níbẹ̀ ṣáájú ìgbà náà?

Géèjì gba ìràwọ̀ 4 nínú 5 lọ́wọ́ mi, ẹni tó tà á gba 1. Ẹ ní kí wọ́n ya fídíò abẹ́rẹ́ fún yín nígbà tó wà ní 0, àti nígbà tí wọ́n ń fi pọ́ǹpù sí i.

Ohun tí mò ń wá báyìí ni páìpù tó ká róbótó tó máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tí omi ń dúró nínú rẹ̀ kí oru gbígbóná má bàa dé inú géèjì. Ẹni tó bá rí i, kó bá mi tọ́jú rẹ̀, bí kò bá ti jẹ́ èyí tí wọ́n jí tú.