Ọbẹ̀ Tó Ṣàn Tí Kò Ṣófo: Abọ́ Rámẹ́ẹ̀nì Oníkarahun Kan ní Tokyo

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé ọbẹ̀ tó bá ṣàn kò ní láárí, àti pé bí a bá lè rí ìdí abọ́ nínú ọbẹ̀, omi ni alásè fi tàn wá jẹ. Èrò yìí ni mo gbé lọ sí Tokyo, òun náà ló sì jẹ́ pé fún ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, rámẹ́ẹ̀nì, ìyẹn núdùùsì inú omi ọbẹ̀ àwọn ará Japan, èyí tó ki nìkan ni mo ń jẹ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní tonkotsu, tí ìlú Fukuoka gbajúmọ̀ fún, tí wọ́n ń fi eegun ẹlẹ́dẹ̀ sè fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí omi rẹ̀ yóò fi funfun bíi wàrà. Ó dùn, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń dúró sí mi láyà títí di alẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún ni ẹ̀gbọ́n mi tí mo dé sí ọ̀dọ̀ wọn mú mi lọ sí ilé oúnjẹ kékeré kan nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Ueno, níbi tó jẹ́ pé rámẹ́ẹ̀nì oníkarahun ni wọ́n ń tà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti jẹun níbẹ̀. N kò ní dárúkọ ilé náà, nítorí ẹ̀sùn kan wà tí mo fẹ́ sọ, n kò sì fẹ́ kí ó ba iṣẹ́ tó dára jẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ìjókòó mẹ́sàn-án péré ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn ló sì kọjú sí ibi tí bàbá alásè ti ń ṣiṣẹ́. Kí ẹ tó jókòó, ẹ óò kọ́kọ́ san owó sínú ẹ̀rọ kan lẹ́nu ọ̀nà, yóò sì já tíkẹ́ẹ̀tì fún yín. Kì í gba owó bébà tó ju 1,000 yẹ́ẹ̀nì lọ, lẹ́tà Japan nìkan ló sì wà lára rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ èdè wọn lè tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́ lókè lápá òsì, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé rámẹ́ẹ̀nì máa ń fi oúnjẹ tí wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́ sí. 1,200 yẹ́ẹ̀nì ni mo san. Wọn kì í gba owó ìdúpẹ́ lé orí owó oúnjẹ lọ́wọ́ oníbàárà, ẹ má ṣe gbìyànjú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé abọ́ náà síwájú mi, ọkàn mi kọ́kọ́ wálẹ̀. Omi ọbẹ̀ náà dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì lẹ́ẹ̀kejì: ó funfun díẹ̀, ojú ọ̀rá kéékèèké ń tàn lórí rẹ̀, mo sì ń rí núdùùsì tó dùbúlẹ̀ nísàlẹ̀ bí irun tí a ya. Asari mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú hamaguri ńlá méjì. Ẹran omi ni àwọn méjèèjì, tó ń gbé láàárín ìkarahun méjì tó pa dé mọ́ra, gbogbo wọn ló sì ti la ẹnu. Ègé ẹran adìẹ méjì àti àlùbọ́sà eléwé ló tẹ̀ lé wọn, pẹ̀lú èèpo yuzu, irú ọsàn kíkan kan, tí kò tóbi ju èékánná lọ. Mo bu omi rẹ̀ ní ṣíbí kan. Òórùn òkun ló kọ́kọ́ dé, iyọ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni adùn kan jókòó sí ẹ̀yìn ahọ́n mi tí kò sì kúrò níbẹ̀ títí mo fi bu òmíràn. Ẹni tó bá ti jẹ ọbẹ̀ ilá alásèpọ̀ tí wọ́n fi ìsáwùrú sí yóò mọ ẹ̀ka ibi tí adùn náà ti wá, àmọ́ níhìn-ín, kò sí ata, kò sí epo, kò sí ohun kankan tó bò ó mọ́lẹ̀.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi bá mi bi bàbá alásè léèrè bí wọ́n ṣe ń sè é. Wọ́n ní láti alẹ́ ni àwọn ti ń rẹ kombu, ewé òkun gbígbẹ, sínú omi tútù. Lórí iná wẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń fi àwọn oníkarahun sínú omi náà. Bí ìkarahun bá ti là báyìí ni wọ́n ń kó èyí tí a ó jẹ jáde, nítorí bí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, ẹran inú rẹ̀ yóò le bí rọ́bà. Kombu yìí kan náà ni Kikunae Ikeda, ọ̀jọ̀gbọ́n kẹ́mísìrì ará Japan, yẹ̀ wò ní ọdún 1908 tó fi rí i pé èròjà kan tó ń jẹ́ glutamate ló ń fún un ní adùn, tó sì sọ adùn náà ní umami. Glutamate wà nínú irú wa náà, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ahọ́n mi kò fi ṣe àjèjì sí i. Àwọn oníkarahun sì ní tiwọn lọ́tọ̀, ásíìdì succinic, tó ń fún omi wọn ní adùn tí ẹran lásán kò ní. Àwa máa ń sọ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Bí mo ṣe ń wo òkìtì ìkarahun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò bàbá náà, mo mọ ohun tó pa ọbẹ̀ yìí. Ọbẹ̀ tó ki lè fi àṣìṣe pamọ́. Èyí kò rí ibì kankan fi í pamọ́ sí.

Núdùùsì wọn tín-ín-rín, ó tọ́, ó sì ń ta ko eyín díẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló ń fà á sókè tó ń dún, nítorí atẹ́gùn tó bá a wọlé ló ń mú kí ó tutù díẹ̀ tó sì ń gbé òórùn rẹ̀ lọ sí imú. Èmi tí wọ́n ti bá wí nílé rí pé kí n má fa ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó tó ìdajì abọ́ kí ojú tó kúrò ní títì mí.

Ẹ̀sùn mi rèé. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, iyanrìn wà nínú asari kan, ó sì ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ lábẹ́ eyín mi. Ó yẹ kí wọ́n ti fi wọ́n sínú omi oníyọ̀ tó tó ti òkun, bí ìdá 3 nínú 100, kí wọ́n bò wọ́n sí òkùnkùn títí wọn yóò fi tu iyanrìn wọn jáde. Bàbá náà tẹríba, wọ́n sì bu asari mẹ́ta mìíràn fún mi nínú àwo kékeré. Ní ìgbà kejì, kò sí ẹyọ iyanrìn kan. Abọ́ náà kò tún pọ̀ fún ẹni tí ebi ń pa gidi; ẹ ra ìrẹsì mọ́ ọn, kí ẹ sì da omi tó kù lé e lórí. Ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba edé tàbí ìsáwùrú kò gbọdọ̀ dán an wò rárá, kí ẹni tí kì í mu ọtí sì kọ́kọ́ béèrè, nítorí ọtí ìrẹsì wà nínú sísè rẹ̀.

Ẹ tètè lọ. Ní ìgbà kejì tí mo jẹun tán, aago méjì ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, ènìyàn márùn-ún ṣì wà lórí ìlà, bàbá náà sì jáde wá bẹ̀ wọ́n pé omi ọbẹ̀ ti tán, kò sì sí bí àwọn ṣe lè fi omi kún un.