Ọdún méje tí mo fi wo Maple Leafs: ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún

Ọdún 2018 ni mo kó dé Toronto. Ọdún yẹn náà ni eléré John Tavares dara pọ̀ mọ́ Maple Leafs, ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín ìlú náà, pẹ̀lú àdéhùn ọdún méje, mílíọ̀nù 77 dọ́là. Bàbá onílé mi ló kọ́ mi ní họ́kì orí yìnyín. Ọmọ ọdún 11 ni wọ́n nígbà tí Leafs gba Stanley Cup, ife ẹ̀yẹ tó ga jù nínú eré náà, kẹ́yìn, lọ́dún 1967. Mo ti ra jẹ́sì, mo ń sanwó tẹlifíṣọ̀n lọ́dọọdún, ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi.

Àwọn ọmọ yẹn mọ bọ́ọ̀lù. Ẹ má bínú, puck ni mo fẹ́ wí, rọ́bà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá. Bí Auston Matthews bá fa puck mọ́ra díẹ̀ kó tó ta á, ó ti wọlé kí gólíkípà tó mọra. Ọwọ́ àwọn tí àpò wà lọ́dọ̀ wọn ni nǹkan ti bàjẹ́. Iye tí ẹgbẹ́ kan lè ná lórí àwọn eléré rẹ̀ ní gbèdéke, mílíọ̀nù 81.5 dọ́là ni ní sáà 2019 sí 2020. Kyle Dubas tó jẹ́ alákòóso nígbà náà fi nǹkan bí ìdajì rẹ̀ fún atamátàsé mẹ́rin: Matthews, Tavares, Mitch Marner àti William Nylander. Àwọn tó kù ń pín omi ọbẹ̀. Kòrónà wá dé, gbèdéke tó yẹ kó máa gòkè dúró gbagidi. Dubas kọ́ ló fa ìyẹn, àmọ́ ta ló ń fi owó tí kò tíì wọlé ra aṣọ ọdún?

Nínú ìdíje fún ife náà, ìpele-ìpele ni, ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ borí ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń tẹ̀síwájú. Lọ́dún 2021, Leafs ti na Montreal lẹ́ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀kan, síbẹ̀ Leafs ló lọ sílé. Ọdún 2023 ni wọ́n tó borí ìpele kan, ìgbà àkọ́kọ́ láti 2004. Dubas lọ, Brad Treliving dé.

Ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún 2025, ìdíje keje pẹ̀lú Florida, nílé wa. Ìdá àkọ́kọ́, òdo sí òdo. Ní ìdá kejì, Florida gbá mẹ́ta wọlé. Bàbá dìde, wọ́n bọ́ jẹ́sì wọn, wọ́n ká a ní mẹ́rin bí ẹni ń ká aṣọ òkè, wọ́n sì lọ fọ abọ́. 6 sí 1 ló parí sí. Iye kan náà ni Florida fi nà wá nílé nínú ìdíje karùn-ún!

Marner wá lọ sí ẹgbẹ́ Vegas. Àdéhùn rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n lè tà á láìjẹ́ pé òun fọwọ́ sí i, eléré kan, Nicolas Roy, nìkan ni wọ́n rí gbà fi dí ojú ihò náà.

Ọjọ́ iwájú ńkọ́? Tavares gbà láti dúró fún mílíọ̀nù 4.38 lọ́dún, Treliving ṣe dáadáa níbẹ̀. Àmọ́ lọ́dọọdún ni àwọn ẹgbẹ́ ń yan ọ̀dọ́ tuntun ní ìpele-ìpele: ẹ̀tọ́ ìpele àkọ́kọ́ ti 2026 ni wọ́n fi sínú pàṣípààrọ̀ tó gbé Brandon Carlo wá láti Boston, ti 2027 sì wà nínú èyí tó gbé Scott Laughton wá láti Philadelphia. Èbù iṣu ni wọ́n ń sè jẹ, bẹ́ẹ̀ àdéhùn Matthews yóò parí lọ́dún 2028.

Mo máa tún sanwó ní oṣù kẹwàá. Jẹ́sì Bàbá ṣì wà nínú àpótí, bí wọ́n ṣe ká a.