Ewédò nínú táǹkì oníyùn: èwo la ó kọ́kọ́ ra?

Ẹni tó ń sin iyùn àti ẹja òkun nínú ilé ní London, tí ewédò (algae, ohun bí ewé tó ń hù nínú omi) sì ti bo òkúta rẹ̀, kò ní wá nǹkan rà tì. Oògùn inú ìgò wà, ìgbín wà, asẹ́ wà, iná wà. Kò sí èyí tí kò wúlò nínú wọn, àmọ́ iṣẹ́ wọn yàtọ̀ síra. Bí owó ọwọ́ yín kò bá ju ti nǹkan kan lọ, ẹ fi ra ẹ̀rọ RO/DI, èyí tó ń sẹ́ ohun tó yọ́ sínú omi ẹ̀rọ kúrò, kí ẹ tó ra ìgbín kan ṣoṣo.

Náítíréètì àti fọ́sífétì ni ewédò ń jẹ. Òótọ́ ni pé oúnjẹ ẹja ń mú wọn wọlé, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì omi ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń gbé wọn wá. Àwọn iléeṣẹ́ omi máa ń fi fọ́sífétì sínú omi kí òjé inú páìpù àtijọ́ má bàa yọ́ sí i. Òfin sì gbà kí náítíréètì tó 50 mg nínú lítà omi mímu kan. Kò ní ṣe ẹni tó mu ún ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin iyùn ń fẹ́ nínú lítà kan ni náítíréètì 5 sí 10 mg àti fọ́sífétì 0.03 sí 0.1 mg. Ẹni tó ń fi omi ẹ̀rọ po iyọ̀, tó tún ń ra oògùn ewédò, ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ tó lu láìdí ihò rẹ̀ ni.

Mítà TDS, èyí tó ń ka ohun tó yọ́ sínú omi, ni kí ẹ fi yẹ omi tó ti inú ẹ̀rọ náà jáde wò: òdo ló yẹ kó kà. Ó ń fi omi ṣòfò o. Ọ̀pọ̀ wọn ń da lítà mẹ́ta sí mẹ́rin nù kí wọ́n tó fún yín ní ẹyọ kan. Ẹni tí táǹkì rẹ̀ kéré lè máa ra omi RO ní ṣọ́ọ̀bù, kó máa fi kẹ́ẹ̀gì gbé e lọ sílé. Apá á ro ó.

GFO àbí refugium?

Ibí ni owó ti máa ń ṣòfò jù. Wóró ìpẹtà irin ni GFO. Fọ́sífétì nìkan ló ń mú, náítíréètì kò kàn án. Iṣẹ́ rẹ̀ yá, kò sì gba àyè, ẹni tó ń gbé yàrá kan lè lò ó. Yíyá yẹn gan-an ni ewu rẹ̀: bí fọ́sífétì bá já wálẹ̀ lójijì, iyùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, irú iyùn tó ń jẹ́ Acropora ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ohun tí wọ́n kọ sára páálí, kí ẹ sì fọ eruku rẹ̀ dànù kí ẹ tó lò ó. Láàárín oṣù kan sí méjì, ẹ ó tún ra òmíràn.

Refugium ń fi ewé bá ewé jà. Ẹ ó ya apá kan sump (táǹkì kejì tí omi táǹkì ńlá ń gbà kọjá) sọ́tọ̀ fún irú ewédò kan tó ń jẹ́ Chaetomorpha, ẹ ó tan iná sí i lóru nígbà tí iná táǹkì ńlá bá ti kú, kí pH má bàa lọ sílẹ̀ púpọ̀. Náítíréètì àti fọ́sífétì ló ń jẹ pa pọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ máa gé e dànù, torí ara ohun tí ẹ gé ni oúnjẹ ewédò ń bá jáde. Bí ọlọ́jà bá ní kí ẹ gba Caulerpa, ewédò mìíràn, dípò rẹ̀ torí pé ó rẹwà, ẹ kọ̀ ọ́. Caulerpa taxifolia tó jáde láti inú táǹkì ẹja ni wọ́n rí létíkun Monaco ní 1984. California fòfin dè é ní 2001, lẹ́yìn tó yọ ní ọ̀sà kan nítòsí San Diego.

Scrubber, irú èyí tí Walter Adey ti iléeṣẹ́ ìmọ̀ Smithsonian ní Amẹ́ríkà gbé jáde, jọ refugium: omi ń ṣàn lórí àwọ̀n tí iná ń tàn sí, ewédò ń hù síbẹ̀, ẹ ó sì máa ha á kúrò. Kò gba àyè tó refugium, àmọ́ omi rẹ̀ ń ta sí ilẹ̀, ó sì ń pariwo.

Ní tèmi, ẹni tó ní sump kó ṣe refugium, ẹni tí kò ní in kó ra GFO. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹ ra ohun èlò tí a fi ń wọn fọ́sífétì mọ́ ọn, kí ẹ má sì lé e dé òdo. Inú omi tí kò ní nǹkan kan ni dinoflagellate, ohun alààyè tín-ín-tín kan, ti máa ń gbilẹ̀, ewédò sì sàn jù ú lọ fíìfíì.

Ìgbín àti akàn

Ìgbín Trochus ni mo fara mọ́ jù, torí bó bá dojú dé, á tún ara rẹ̀ yí padà. Astraea kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀ lórí iyanrìn. Turbo ń jẹun ju àwọn méjèèjì lọ, àmọ́ á ti iyùn kéékèèké ṣubú, èyí tó wá láti Mexico kò sì fẹ́ omi gbígbóná. Bí ewédò tó ń jẹ́ Valonia bá ń yọ bí ilẹ̀kẹ̀, akàn emerald ni kí ẹ rà. Akàn hermit máa ń pa ìgbín kó lè gba ìkarahun rẹ̀. Oògùn ẹja tó bá ní bàbà nínú ń pa gbogbo wọn.

Oògùn Fluconazole inú ìgò ń ṣiṣẹ́ lórí ewédò tó ń jẹ́ Bryopsis, èyí tí ìgbín kì í fẹ́ jẹ. Ẹ yọ èédú inú asẹ́ àti GFO kúrò kí ẹ tó lò ó. Ṣùgbọ́n bí ewé yẹn bá ti ń kú ló ń dá oúnjẹ padà sínú omi, nítorí náà ẹ ti gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí ẹ ó gbà kó o jáde.

Ní ti ohun aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń bo iyanrìn táǹkì tuntun, diatom, irú ewédò tín-ín-tín kan, ni. Ẹ má ra nǹkan kan fún un. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀.