Sìkútà onígíà àbí ọtọmátíìkì: èwo lẹ máa lè tún ṣe fúnra yín nílé?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra sìkútà l'Ógbómọ̀ṣọ́ ńbí, tẹ́ ò sì fẹ́ máa sáré tọ mẹkáníìkì lọ ní gbogbo ìgbà, ẹ má wulẹ̀ bèèrè èwo ló ń sáré jù, ẹ bèèrè èwo lẹ máa lè tú palẹ̀ lẹ́yìnkùlé yín kẹ́ ẹ sì tò ó padà kílẹ̀ tó ṣú. Méjì ni mo mọ̀ dáadáa: Vespa onígíà, pàápàá PX tó jáde ní 1977, àti ọtọmátíìkì Ṣáínà tó ń lo ẹ́ńjìn tí wọ́n ń pè ní GY6. Mo ti gun méjèèjì, mo ti tú méjèèjì. Ọtọmátíìkì ti kúrò lọ́wọ́ mi, Vespa ṣì wà níbẹ̀.

Ká kọ́kọ́ sọ ti rírí ẹ́ńjìn sójú ná. Vespa, ẹ ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ọwọ́ lásán lẹ máa fi ṣí i, púlọ́ọ̀gì àti kabúrétọ̀ ti wà níwájú yín. Ti ọtọmátíìkì, ike ló bò ó, ike yẹn sì ní àwọn eyín kéékèèké tó fi ń kọ́ra, oòrùn á ti mú wọn gbẹ, tẹ́ ẹ bá fagbára fà á wọ́n á dá, látìgbà yẹn lá ti máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Àmọ́ ibi tó dùn mí jù ni bẹ́líìtì, ẹ jẹ́ n dúró síbẹ̀. Bẹ́líìtì róbà kan ló ń gbé agbára ẹ́ńjìn ọtọmátíìkì lọ sí táyà ẹ̀yìn. Tó bá ti já, ẹ máa fún un níná, ẹ́ńjìn á máa ké, sìkútà ò ní lọ. Nọ́ńbà wà lára ẹ̀, bíi 743-20-30 tàbí 835-20-30: àkọ́kọ́ ni gígùn ẹ̀ ní mìlímítà, ìkejì ni fífẹ̀, ìkẹta ni dígíríì bí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣe dagun. Ẹ́ńjìn tí àpótí tí bẹ́líìtì wà nínú ẹ̀ kúrú, tó sábà máa ń wà lára èyí tí ríìmù ẹ̀ jẹ́ íǹṣì 10, 743 ló ń gbà. Èyí tí àpótí ẹ̀ gùn, 835 tàbí 842. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn sì ń jẹ́, GY6.

Bẹ́líìtì tèmi já, ara ẹ̀ ti fá, nọ́ńbà ò hàn mọ́, mo mú un lọ bá ẹni tó ń ta páàtì, mo ní kó wọn tuntun mọ́ ti àtijọ́, ó ní "GY6 kan náà ni, bọ̀dá, ẹ lọ fi sí i." Mo délé, mo tú gbogbo bóòtù ẹ̀gbẹ́ òsì tán, nọ́ọ̀tì tó ń lo sípánà 17 tó wà níwájú ò sì gbà, ńṣe ló ń bá sípánà yí, àfi kéèyàn ní irin tó máa di ibẹ̀ mú. Nígbà tó tú tán, bẹ́líìtì tuntun gùn jù, ó ń rọ̀ dirodiro. Mo dá a padà, ọkùnrin yẹn ní ọjà tó bá ti kan gírísì òun ò gbà á mọ́. Owó lọ nìyẹn. Mo wá wọ mọ́tò lọ Ìbàdàn, ọjà páàtì Àrárọ̀mí ní Géètì, kí n tó rí èyí tó bá a mu, sìkútà ń bẹ nílẹ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn. Tẹ́ ẹ bá ra ọtọmátíìkì, ọjọ́ tẹ́ ẹ rà á ni kẹ́ ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà yẹn sábẹ́ àga, kẹ́ ẹ sì ra kan sílé.

Vespa ò ní bẹ́líìtì rárá. Wáyà ló fi ń pààrọ̀ gíà, wáyà ló fi ń di kílọ́ọ̀ṣì. Tí ọ̀kan bá já, ẹ fa ti inú yọ, ẹ fi gírísì pa tuntun, ẹ tì í wọlé, ẹ fi nọ́ọ̀tì kékeré dè é, ó parí.

Táyà ńkọ́? Ti Vespa, nọ́ọ̀tì 5, sípánà 13, iwájú àtẹ̀yìn kan náà. Ríìmù ẹ̀ pín sí méjì, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú afẹ́fẹ́ dànù pátápátá kẹ́ ẹ tó tú nọ́ọ̀tì tó so méjèèjì pọ̀, torí ó lè fò lu èèyàn lójú. Ti ẹ̀yìn ọtọmátíìkì, ẹ máa kọ́kọ́ yọ sàlẹ́ńsà ná.

Ọ́ìlì: GY6 rọrùn, ẹ ṣáà gbé abọ́ sábẹ́ ẹ̀, torí sípíríǹgì àti asẹ́ kan máa já bọ́ pẹ̀lú ìdérí ẹ̀. PX tí ò ní táǹkì ọ́ìlì tiẹ̀, ẹ máa po ọ́ìlì mọ́ epo, lítà 5 gba mìlílítà 100, ẹ má gbójú fò ó, ẹ́ńjìn á gan.

Ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ lọ sílé ìwé, tí ò fẹ́ máa fẹsẹ̀ tapá kó tó sitáàtì, ọtọmátíìkì dáa fún un, bọ́tìnnì ni, àyè sì wà lábẹ́ àga. Páàtì inú ẹ́ńjìn ẹ̀ náà pọ̀ lọ́jà ju ti Vespa lọ, mi ò ní parọ́. Ẹni tó fẹ́ràn kó fọwọ́ ara ẹ̀ tún nǹkan ẹ̀ ṣe, kó máa bọ̀ wá sí ti Vespa. Tẹ́ ẹ bá ń lọ wò ó, ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ibi ẹsẹ̀, ẹ wò ó bóyá ó ti dógùn-ún, torí irin yẹn gan-an ni férémù ẹ̀, kò sí òmíràn lábẹ́ ẹ̀. Kẹ́ ẹ fi gíà kejì rìn díẹ̀, tó bá ń yọ fúnra ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, wọn ò lè ṣe ìyẹn láìla ẹ́ńjìn sí méjì.