Súwẹ́tà, jákẹ́ẹ̀tì òtútù, àbí ẹ̀wù aláìlápá: èwo ni kí oníkẹ̀kẹ́ Rẹ́mọ rà fún ìdájí ọyẹ́?

Bí ẹ bá gbé kẹ̀kẹ́ ológeere jáde ní Ìkẹ́nnẹ́ ní aago mẹ́fà ìdájí lásìkò ọyẹ́, tí ẹ kọ orí sí Ìlíṣàn, ẹ ó rí i pé òtútù ẹnu ọ̀nà ilé yín kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí yóò máa gbá yín láyà lójú títì. Ẹni tó ń sáré 30 kìlómítà ní wákàtí kan ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dá afẹ́fẹ́ sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ yìí ni kí ẹ fi sọ́kàn bí ẹ bá ń rajà, kì í ṣe bí aṣọ ṣe nípọn tó.

Súwẹ́tà òwú ló pọ̀ jù ní ìsọ̀ òkìrìkà, owó rẹ̀ kò sì ga. Àmọ́ afẹ́fẹ́ ń gba ihò rẹ̀ wọlé. Bí ẹ bá pọ́n òkè, òógùn á rin ín gbingbin, òwú á sì fa omi náà mọ́ra. Ìgbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ ó mọ ohun tí ẹ rà. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí Ìṣarà lẹ́ẹ̀kan, eyín mi ń lu ara wọn. Bó bá jẹ́ irun àgùntàn ni wọ́n fi hun ún, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: ó ń múni móoru bó tilẹ̀ tutù. Ẹ wo àkọlé ọrùn rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Jákẹ́ẹ̀tì òtútù ti àwọn oníkẹ̀kẹ́ Yúróòpù náà ń bá òkìrìkà dé. Iwájú rẹ̀ kì í gba afẹ́fẹ́, inú rẹ̀ ní irun múlọ́múlọ́. Fún àbúrò yín tó ń gun kẹ̀kẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù nínú oṣù January, tí ojú ọjọ́ sábà máa ń wà ní nǹkan bí 5°C, ẹ rà á fún un. Níhìn-ín tí ìdájí wa sábà máa ń wà ní nǹkan bí 20°C, ààrò lẹ gbé wọ̀ yẹn. Bí oòrùn bá yọ tán, ibo lẹ ó kó o sí?

Ẹ̀wù aláìlápá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀ ni mo yàn. Ẹ ká a, kò ju ìkúùkù lọ, ó wọ àpò ẹ̀yìn. Ẹ wá èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ àwọ̀n kí ooru ara lè jáde, tí ẹ lè fi ọwọ́ kan ṣí síìpù rẹ̀ láìdúró. Ẹ fi iwájú rẹ̀ bo ẹnu, kí ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Bó bá gbà á kọjá, ẹ dá a padà fún ìyálọ́jà.

Ìbọ̀wọ́ fẹ́lẹ́ tó bo gbogbo ìka ti tó wa.

Ní ti ìdánrawò, yìnyín ojú títì ló ń lé àwọn oníkẹ̀kẹ́ Yúróòpù wọlé sórí kẹ̀kẹ́ inú yàrá lọ́hùn-ún. Àwa kò ní yìnyín, a ní kùrukùru, nítorí náà iná ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni kí ẹ fi owó kẹ̀kẹ́ inú yàrá rà. Ẹ rọra gun kẹ̀kẹ́ yín fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà kí ẹ máa lọ ní ìwọ̀n tí ẹ ṣì lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Ọyẹ́ ń gbẹ òógùn kí ẹ tó rí i, nítorí náà ìgò omi méjì ni kí ẹ rà, kì í ṣe ọ̀kan. Gàárì Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa, tí ẹ ó mu bí ẹ bá padà délé, kò sí lára ohun tí mo ń fi wéra.